Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì kan ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, wọ́n sì ń gbé àga àti ẹ̀rọ amúlétutù jáde. Ọ́fíìsì CBEX ni, ìkànnì ìdókòwò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlérí tí CBEX ṣe ni pé ẹni tó bá fowó sílẹ̀ yóò gbà á ní ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, owó kò ṣeé yọ mọ́. Ìkànnì náà tún wá ní kí oníbàárà san 100 tàbí 200 dọ́là sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun gan-an ló ni àkáǹtì rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ti fara balẹ̀ wo alákàn létí odò á mọ ohun tí wọ́n rí. Orí ọ̀pá kékeré méjì ni ojú rẹ̀ dúró sí, ojú náà ló sì ń kọ́kọ́ yọ síta kí ara tó kúrò nínú ihò. Bí òjìji ẹyẹ bá kọjá, wéré, ó ti padà sínú. Àmọ́ kì í tìtorí ẹyẹ febi pa ara rẹ̀. Yóò jáde, yóò jẹ. Ìṣọ́ra kì í ṣe ojo.

Ó rọrùn láti sọ pé ojúkòkòrò ló kó bá àwọn tí CBEX jẹ lówó. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Náírà ti já wálẹ̀, owó oṣù kò ra nǹkan mọ́, ẹni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ yóò wá ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì lajú wò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́: wọ́n rí aláàádùúgbò tó gba owó, wọ́n rí àlááàtì lórí fóònù rẹ̀. Àlááàtì náà kì í ṣe ayédèrú. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ń san fún ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó sì mú kí ó léwu nìyẹn.

Ìṣirò ló yẹ kí wọ́n wò. Bí 10,000 náírà bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, tí a kò yọ nínú rẹ̀, yóò di 40,960,000 náírà lẹ́yìn oṣù méjìlá. Òwò wo ló ń pa irú èrè bẹ́ẹ̀?

Alájọ tó ń yípo ọjà kì í ṣèlérí èrè rárá. Bóṣù bá parí, yóò yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, yóò dá ìyókù padà. Síbẹ̀, nítorí pé alájọ mìíràn ń sá lọ, ìyá ọlọ́jà tó mọṣẹ́ yóò bèèrè ilé rẹ̀, yóò bèèrè ilé bàbá rẹ̀, kó tó fún un ní kọ́bọ̀.

Ta ló bèèrè ilé MMM, irú ètò yìí kan náà tó ṣáájú CBEX? Sergei Mavrodi ló dá a sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà. Ó dojú dé níbẹ̀ lọ́dún 1994, ilé-ẹjọ́ sì dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún Mavrodi lórí jìbìtì lọ́dún 2007. Gbogbo èyí ti wà nílẹ̀ kí MMM tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2015, tó ń ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú 100 lóṣù. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n ti owó àwọn èèyàn pa. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí CBEX fi dé.

Òfin ìdókòwò tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2025 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá dẹ́rù ba àwọn tó ń ṣe irú jìbìtì yìí. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀wọ̀n wọn kò ní dá owó ilé-ìwé ọmọ yín padà. Orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ wà lórí ìkànnì SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdókòwò, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń bèèrè owó yín níbẹ̀ kí ẹ tó fowó ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má san kọ́bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá yín ló mú un wá.