Olú Tiwa Kò Kéré

Ẹni tó bá rìn lójú títì Fate ní Ìlọrin lálẹ́ mọ̀ pé ilé oúnjẹ kò wọ́n níbẹ̀. Bí olóńjẹ kan bá fẹ́ fi òróró truffle ṣe fáàrí fún yín, ẹ rántí pé òórùn àtọwọ́dá ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ irú òróró bẹ́ẹ̀. Ojúlówó truffle jẹ́ olú abẹ́ ilẹ̀ tí ajá ń fimú wá lẹ́bàá gbòǹgbò igi ní Ítálì àti Faransé. Tútù ni wọ́n ń rẹ́ èyí tó funfun lé oúnjẹ. Èyí tó dúdú lè fara gba iná díẹ̀. Ṣùgbọ́n adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ikán ń gbin olú fún àwa náà lọ́fẹ̀ẹ́: olú ọ̀rán wẹẹrẹ tó ń bo ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, àti takele tó tóbi jù ú lọ. Ẹ ṣan iyẹ̀pẹ̀ ọ̀rán kúrò dáadáa, kí ẹ dà á sínú ẹ̀gúsí nígbà tí ọbẹ̀ bá ń jinná lọ. Èyí tí ẹ kò bá dá mọ̀, ẹ má fẹnu kàn án. Olóró pọ̀ nínú olú. Ní tèmi, ọ̀rán ló yẹ kó wà lórí tábìlì Fate.