Òfin Tí Ń Lé Ọmọ-iṣẹ́ Jáde ní Ṣọ́ọ̀bù

Ìwọ ọmọ ilé-ìwé tí ń ka ìwé yìí, nígbà tí o bá parí ẹ̀kọ́ rẹ, ta ni yóò gbà ọ́ sí iṣẹ́? Mo bi ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìbéèrè yìí ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ olùkọ́, ìdáhùn wọn kì í sì í yàtọ̀: ìjọba ni, tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n rìn láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, kí o sì la ojú rẹ dáadáa. Wo àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn, àwọn aránṣọ, àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì, àwọn tí ń di obì sínú àpò. Ẹnìkan ní ọmọ-iṣẹ́ méjì, ẹlòmíràn ní mẹ́ta. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ọmọ tí kò rí iṣẹ́ ìjọba ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Láti ayé òyìnbó títí di òní ni àwọn aláṣẹ sì ti ń fi òfin àti owó kéékèèké fún wọn lọ́rùn. Bí ọrùn ọ̀gá bá sì fún, ọmọ-iṣẹ́ ni ó ń kọ́kọ́ jáde.

Máṣe rò pé mo kórìíra òfin. Ẹni tí ó bá ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí kò lè kórìíra òfin. Ní ọdún 1993 ni ìjọba fi òfin dá NAFDAC sílẹ̀ láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn. Ẹni tí ó bá ta ayédèrú oògùn fún ọmọ aláìsàn, ẹ̀wọ̀n ni ó yẹ ẹ́. Èyí tí mo ń bá jà ni òfin tí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, tí ó kàn jẹ́ àpò tí a fi ń gba owó.

Gbé ọ̀ràn mọ́tò yẹ̀ wò. Ọ̀nà ojú irin tí àwọn òyìnbó là láti Èkó, tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, Abẹ́òkúta ni ó gbà. Kò ya ọ̀dọ̀ wa ní Rẹ́mọ. Mọ́tò akẹ́rù ni ó wá gbé irè oko wa dé ọjà. Mọ́tò kan ṣoṣo a máa bọ́ awakọ̀, ọmọ-ọkọ̀, alágbàrù, àti ẹni tí ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ìjọba rí i pé mọ́tò ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin, kò wí pé kí ọkọ̀ ojú irin mú iṣẹ́ rẹ̀ dára sí i. Owó láísẹ́ǹsì mọ́tò ni ó gbé ga. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò nígbà náà: Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí ó ti ṣe òwò irè oko àti ti mọ́tò kí ó tó di amòfin. Ní ọdún 1937, ẹgbẹ́ náà dìde lòdì sí owó yìí. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n sí olóṣèlú nìkan, fi èyí kún ìmọ̀ rẹ.

Òfin tí a fi inú rere ṣe pàápàá lè ba iṣẹ́ jẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti ọdún 1941, ìjọba fi òfin dá iye tí a óò máa ta oúnjẹ ní Èkó, wọ́n sì fi òyìnbó kan tí ń jẹ́ Pullen ṣe olórí ètò náà. Wọ́n ní nítorí tálákà ni. Gàrí tí ó ń ti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó bọ́ sínú òfin náà. Ẹni tí yóò hú ẹ̀gẹ́, tí yóò bó o, tí yóò rìn ín, tí yóò sì yan án, kò rí èrè nínú iye tí a dá. Gàrí bá fi gbangba ọjà sílẹ̀, ó di ohun tí a ń tà ní kọ̀rọ̀ ní owó gọbọi, tálákà tí a ní a ń ṣàánú sì ni ó ń san án. Alímọ́tù Pẹlẹ́wúrà, olórí àwọn obìnrin ọjà ní Èkó, dojú kọ ìjọba láìbẹ̀rù, nígbà tí yóò sì fi di ìparí ọdún 1945, ètò náà ti wó.

Ìwọ lè wí pé òyìnbó ti lọ. Òyìnbó ti lọ, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì kò bá a lọ. Ní ọdún 1998 ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó to oríṣiríṣi owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ti ìjọba ìbílẹ̀ nìkan jẹ́ 20. Owó ṣọ́ọ̀bù ń bẹ níbẹ̀, owó ọjà, owó pátákó orúkọ, àti, jọ̀wọ́ má rẹ́rìn-ín, owó bárò tí a ń fi ọwọ́ tì. Síbẹ̀, òfin kan náà kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni dí ojú ọ̀nà nítorí àtigba owó-orí. Ìwọ ti wọ ọkọ̀ rí ní ilẹ̀ yìí. Ṣé o kò tíì rí pákó tí a kan ìṣó mọ́, tí a gbé síwájú ọkọ̀ ẹrù?

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ jẹ́ káfíńtà. Ó kó rísíìtì ọdún kan jáde fún mi: ti pátákó, ti ṣọ́ọ̀bù, ti ìmọ́tótó, àti ti àwọn ikọ̀ méjì tí ń gba owó ohun kan náà, tí ìkínní ń pe ìkejì ní ayédèrú. Ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Owó yìí ì bá bọ́ ọmọ-iṣẹ́ kan fún oṣù mẹ́ta.” Mo ṣírò rẹ̀, òótọ́ ni. Ọmọ-iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ní tẹ́lẹ̀, ó ti ku ọ̀kan. Ó sì ti yọ pátákó orúkọ rẹ̀ kúrò lẹ́bàá títì, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí ẹni tí a kò bá rí, a kò níí gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà pẹ̀lú kò rí i mọ́. Irú òfin wo ni èyí, tí ó sọ ẹni tí ń fi òógùn ojú rẹ̀ jẹun di ẹni tí ń sá pamọ́ bí olè?

Àwọn aláṣẹ yóò wí pé àwọn ti ṣe ìrànlọ́wọ́. Òtítọ́ ni: òfin ọdún 2019 yọ ilé-iṣẹ́ tí ọjà tí ó ń tà lọ́dún kò tó mílíọ̀nù 25 náírà kúrò nínú owó-orí ilé-iṣẹ́, òfin ọdún 2020 sì gba ẹnìkan ṣoṣo láàyè láti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó-orí ńlá yẹn ni ó lé ọmọ-iṣẹ́ méjì jáde lọ́dọ̀ káfíńtà mi. Owó ojoojúmọ́ ni, èyí tí ẹni tí ń gbà á kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n tún ń béèrè pé bí a kò bá gba owó, kí ni a óò fi tún ọjà ṣe? Ta ni ó ní kí wọ́n má gbà á? Kí a gba owó kan, ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ní báńkì, pẹ̀lú rísíìtì kan tí gbogbo agbowó yóò bọ̀wọ̀ fún. Kí a sì dín in kù fún ẹni tí ó bá gba ọmọ-iṣẹ́. Káfíńtà náà ti wí fún mi pé òun yóò san án. Kò béèrè ju pé kí òun mọ ọjọ́ tí òun yóò san án, àti ẹni tí òun yóò san án fún.