Ilẹ̀kùn Àbáwọlé: Igi Ni Tàbí Irin?

Kí àlejò tó rí onílé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹni tí ń kọ́lé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀ràn ilẹ̀kùn àbáwọlé. Láyé àtijọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, igi ni a ń lò. Ṣùgbọ́n lónìí, bí a bá rìn láti Ẹnuwá lọ sí àwọn àdúgbò titun, a ó rí ilẹ̀kùn irin tí a kó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yan fáíbágíláàsì, èyí tí a fi okùn gíláàsì tín-ín-rín àti oje líle pọ̀ ṣe. Èwo ni ó yẹ wá nínú wọn?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Ikán kò lè jẹ irin, kò sì lè jẹ fáíbágíláàsì. Òjò kì í mú wọn wú. Ẹni tí olè ti jà rí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn irin ṣeré.

Síbẹ̀, òkèèrè ni a ti ń wo igi ganganran. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilẹ̀kùn irin yìí ni inú wọn ṣófo. Bí ọ̀dà ara wọn bá bó, òjò yóò mú wọn dípẹtà. Bí fáíbágíláàsì bá sán, káfíńtà àdúgbò kò ní ohun tí yóò fi tún un ṣe. Èyí tí ó pani lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn tí ń ṣe wọ́n a máa ya ojú igi sí wọn lára. Bí igi kò bá níyì, kí ni irin ń fi àwọ̀ rẹ̀ ṣe?

Ní tèmi, igi ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi kígi. Ìrókò tàbí apá ni kí a wá, nítorí ikán kì í tètè rí wọn jẹ. Kí pákó náà gbẹ dáadáa kí káfíńtà tó fọwọ́ kàn án, nítorí pákó tútù ni ó ń lọ́, tí ó sì ń sán nígbà ọyẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá wú nígbà òjò, kí onílé má ṣe kánjú fá a; bí ọyẹ́ bá dé, yóò súnkì, àlàfo yóò sì wà létí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rántí iyì iṣẹ́ yìí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí a pàtẹ rẹ̀ ní Wembley ní 1924, àwọn Òyìnbó fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n Ọba kò tà á. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ìlú Òyìnbó ni ó gbà dípò rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù dòní. Ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, Lámídì Fákẹ́yẹ, tí ó kú ní 2009, gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì kọ́ni ní yunifásítì.

Bí ilẹ̀kùn òkèèrè nìkan ni a bá ń rà, ọwọ́ àwọn káfíńtà wa yóò di òfo, ọmọ kankan kò sì ní kọ́ iṣẹ́ náà mọ́. Ṣùgbọ́n ìrókò ń dín kù nínú igbó wa. Ẹni tí ó bá gé ọ̀kan, kí ó gbin òmíràn. Bí a bá ń gé láìgbìn, àwọn ọmọ wa kò ní rí ohun tí wọn yóò yàn. Irin nìkan ni yóò kù fún wọn.