ORÚKỌ ÀWỌN ẸNI INÚ ÌTÀN

Àwọn baba wa ní, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ lórí ọmọ tí a bí sínú ilé nìkan. Ó kan àwọn ẹni inú ìtàn pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó dá ìtàn sílẹ̀ ni baba wọn, òun ni ó sì ń sọ wọ́n lórúkọ. Nítorí náà ó ń dùn wá pé ọmọ ilé-ìwé lè ka ìwé ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ń bẹ nínú rẹ̀ lórí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè pé, Kí ni orúkọ yìí wí?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó lé ní 2,400 ọdún nísisìyí tí Sophocles, ará Áténì ní ilẹ̀ Gíríìkì, kọ eré nípa ọba kan tí ń jẹ́ Oedipus. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ní èdè wọn ni Ẹlẹ́sẹ̀-wíwú. Àsọtẹ́lẹ̀ ti wí pé ọmọ náà yóò pa baba rẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe gún ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tí a sì ní kí a gbé e lọ sọnù sí orí òkè. Àwọn ẹlòmíràn gbà á là, ọgbẹ́ náà sì di orúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tún fi hàn pé ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà jọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì fi ń wí pé “mo mọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ó mọ àlọ́ tí Sphinx pa nípa ohun tí ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn ní òwúrọ̀, méjì ní ọ̀sán, mẹ́ta ní alẹ́. Ó ní ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n àlọ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò yé e títí ó fi pa baba rẹ̀, tí ó sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya.

Ní 1968, Ọlá Rótìmí mú ìtàn yìí wọ ilẹ̀ Yorùbá nínú eré rẹ̀, The Gods Are Not to Blame, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1971. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá ni ó sọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Owó ẹyọ ni a fi so ẹsẹ̀ ọmọ náà pọ̀. Síbẹ̀ Rótìmí kò pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀-wíwú. Ọdẹ́wálé ni ó pè é. Ọdẹ kan, Ògúndélé, ni ó rí i nínú igbó, nítorí náà orúkọ náà bá a mu. Ṣùgbọ́n ó tún wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin tí ó rò pé àlejò ni òun ní ìlú Kutuje, ilé baba rẹ̀ gan-an ni ó wá sí, orúkọ rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ fún un láti èwe. Àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Adérọ́pò, èyí ni pé adé ti rí arọ́pò, nítorí ilé gbà pé àkọ́bí ti kú. Orúkọ ti Gíríìkì tọ́ka sí ọgbẹ́, ti Yorùbá tọ́ka sí ilé.

D. O. Fágúnwà ti ṣe irú èyí ní 1938 nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ìmọ̀dòye ni ó pe ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ni ó pe akọrin. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ ti mọ ìwà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé eré ni eré, kí ni a ń wá ìdí orúkọ sí? Àwa ará Ìwòyè-Kétu kò gbọdọ̀ wí bẹ́ẹ̀. Orúkọ Kétu gan-an, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń tú u, ìbéèrè ni: ta ni í tú iké? ta ni í fọ́ ìlú? Ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu ní 1886. Ṣùgbọ́n ìlú náà tún dìde, ìbéèrè náà sì wà síbẹ̀. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ààlà pín wa. Títí di òní, ní òdìkejì ààlà, a máa ń kọ Adéṣínà ní Adéchina. Ní ìhà tiwa a ń kọ orúkọ láìsí àmì kankan, tí ọdẹ fi ń di òde. Ọmọ ìyá kan náà a wá jẹ́ orúkọ kan, kí ẹ̀kejì má sì lè dá a mọ̀ nínú ìwé.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ṣòro. Kí olùkọ́ béèrè ìtumọ̀ orúkọ kí ó tó ṣí ojú-ìwé kejì. Kí òǹkọ̀wé wo ilé ìtàn rẹ̀ kí ó tó sọ ọmọ inú rẹ̀ lórúkọ. Kí àwọn atẹ̀wé àti akọ̀wé ọ́fíìsì fi àmì sí orí orúkọ bí ó ti yẹ. Ọdẹ́wálé gbọ́ orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì yé e, ìyà rẹ̀ sì kárí ìlú. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa dàgbà bẹ́ẹ̀.