Bíríkìlà ló sá lọ ni, àbí simẹ́ǹtì ló gbówó lórí?

Ẹni tó bá gba Ìyànà-Ọ̀fà kọjá lọ sí Lálúpọn, tàbí tó ti Mọ́níyà yà sọ́nà Ìjàyè, á rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: ilé adìyẹ tí wọ́n mọ dé fèrèsé tí wọn ò kàn páànù sí i, kòtò ẹja tí koríko ti bò, ṣọ́ọ̀bù gàárì tí kò ní ilẹ̀kùn. Ẹ bi ẹni tó ni ín, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́: kọngílá ti gbowó sá lọ.

Èmi náà mọ̀ pé olè wà nínú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé olè ló dá gbogbo ilé wọ̀nyẹn dúró.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dá iye. Ká sọ pé ẹnì kan pe kọngílá ní oṣù Kẹrin 2023: kọ́ ilé adìyẹ fún mi, ra gbogbo nǹkan, iye kan ṣoṣo ni mo máa san, gba ìdajì ná. Kò tíì pé oṣù méjì tí Ààrẹ Tinubu fi sọ lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Bẹntiróòlù tó wà ní nǹkan bíi náírà 185 fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tú okùn ọrùn náírà. Dọ́là tó ń lọ ní nǹkan bíi 460 ti kọjá 1,500 nígbà tó máa fi di oṣù Kejì 2024. Oṣù yẹn náà ni simẹ́ǹtì wọ́n débi pé ìjọba àpapọ̀ pe Dangote, BUA àti Lafarge jókòó, tí wọ́n fẹnu kò sí náírà 7,000 sí 8,000 fún àpò kan. Ṣèbí ẹ rántí.

Irin, ìṣó, páànù, owó típà tó ń kó yanrìn lọ sí Akínyẹlé, gbogbo ẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Kọngílá tó ti gba ìdajì owó wá bọ́ sáàárín méjì: kó fi owó ara ẹ̀ parí ilé olówó, tàbí kó pa fóònù. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń fi owó àsanlẹ̀ oníbàárà tuntun parí iṣẹ́ oníbàárà àná. Nígbà tí ọjà bá dúró, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọjọ́ tí ọjà bá fò, ẹni tó dé kẹ́yìn ló máa sunkún.

Ìjọba pàápàá ń rí i. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65, ìjọba Mákindé gbà á lọ́wọ́ kọngílá àkọ́kọ́, wọ́n gbé e fún ẹlòmíì kó tó parí. Ṣùgbọ́n ìjọba ní lọ́yà, ó ní ẹnjiníà tó ń wọn iṣẹ́ kó tó sanwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi owó àjọ bẹ̀rẹ̀ òwò ńkọ́? Ìwé àdéhùn yín ò ju WhatsApp lọ: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti send ẹ̀ o."

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí wa ká ti mọ ọ̀nà àbáyọ tipẹ́. Èdè wa ya iṣẹ́ sọ́tọ̀: àáró ni ti ẹgbẹ́ tó ń bá ara wọn roko lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀wẹ̀ ni ti ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí a pè ká sì fún wọn lóúnjẹ, àgbàṣe ló ní owó nínú. Lóko, wọ́n máa ń ka ebè ní igba-igba, iye tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó alágbàṣe, ì báà ti Benue wá tàbí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ebè tí a kò tíì kọ kò ní owó.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún bíríkìlà. Ẹ fi owó yín ra simẹ́ǹtì àti páànù, kẹ́ ẹ san owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan: ìpìlẹ̀ tán, ẹ san; ògiri dé orí fèrèsé, ẹ san; páànù wọlé, ẹ san. Ó ní wàhálà tiẹ̀ o. Ẹ máa wọ ọkọ̀ lọ sí Lágelú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, àpò simẹ́ǹtì méjì sì lè rìn lóru. Síbẹ̀, àpò méjì sàn ju ìdajì ilé lọ. Tí kọngílá bá sì gbọ́dọ̀ ra ọjà fúnra ẹ̀, ẹ kọ iye simẹ́ǹtì ọjọ́ yẹn sínú ìwé, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ jọ máa ṣe tó bá wọ́n sí i. Bíríkìlà náà nílò ìwé yẹn bíi tiyín.

Ọ̀ràn kan ṣì kù, tí àwa ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Ọmọkùnrin tó ń sun ilé adìyẹ yín l'Ẹ́gbẹ́dá, tó ń kó ìgbẹ́ adìyẹ láràárọ̀, tí ẹ ń pàṣẹ fún, ṣé kọngílá nìyẹn? Lóòótọ́, òfin owó oṣù tó kéré jù, 70,000 náírà tí Ààrẹ fọwọ́ sí lóṣù Keje 2024 (80,000 ni ti Ọ̀yọ́), yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ iṣẹ́ oko ìgbà dé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí ẹni tó gba òṣìṣẹ́ fún un ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Òfin 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ sì ní kí ọ̀gá máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún NSITF. Owó yẹn ló ń tọ́jú ẹni tó bá já lulẹ̀ látorí páànù. Bí ẹ ò bá san án, tó sì já lulẹ̀ l'Ọ́nà-Àrà lọ́la, ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ẹbí ẹ̀ máa gbé owó ọsibítù wá.