ÌJÀ KỌ́, ÌPAKÚPA NI

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé wa yìí máa béèrè pé kí ló kan ewì nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ó kàn án. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná.

Ìjà inú géèmù ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìjà ènìyàn sí ènìyàn tí wọ́n ń pè ní PvP, nínú Old School RuneScape. A pọ̀ tí a ń ta á ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ lórí fóònù láti ìgbà tó ti dé orí fóònù ní 2018. Ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn tó ń pe ara wọn ní àgbà láàárín wa ń kọ́ àwọn jámbáìtì báyìí, tí mo lòdì sí pátápátá. Wọ́n ní bí ọmọ tuntun bá fẹ́ mọ ìjà jà, kó kọ́kọ́ gbé gbogbo ipele rẹ̀ dé 99, kó ra ẹ̀wù ogun olówó ńlá, kó wá wọ inú Wilderness lọ bá àwọn tó ń pa dírágónì aláwọ̀ ewé, kó máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ibẹ̀ lọwọ́ ti ń yá.

Irọ́ ni. Ti ipele àti ẹ̀wù, ìdajì irọ́ ni. Ti àwọn apadírágónì, odindi irọ́ ni, ìkà sì wà nínú rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n: 2001 ni RuneScape jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí à ń ta yìí, ẹ̀dà bó ṣe rí ní oṣù kẹjọ 2007 ni, tí ilé-iṣẹ́ Jagex tún gbé dìde ní oṣù kejì 2013. Wilderness ni igbó tó wà ní àríwá ilẹ̀ inú géèmù náà. Ibẹ̀ ni ẹni kan ti lè kọlu ẹlòmíràn bí ipele wọn bá súnmọ́ra, bí o bá sì ṣe ń wọ inú igbó lọ ni ààlà yẹn ń fẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá pa ọ́, ohun mẹ́ta péré lo máa mú bọ̀ nílé. Bó bá sì jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ nawọ́ sí ẹni ẹlẹ́ni, agbárí á yọ sókè orí rẹ, òfo lo máa bá bọ̀, àfi bí o bá ń lo àdúrà tó ń pa ẹyọ kan mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n níbẹ̀. Wúrà inú géèmù ni lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lè wà nínú idà kan ṣoṣo.

Ó dáa. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ìjà yìí jà?

Ìlù ni àkọ́kọ́. Géèmù yìí kì í ṣàn bí omi, ó ń lù bí ìlù ni. Ní gbogbo ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì, ìyẹn 0.6, ni kọ̀ǹpútà tó gbé géèmù ró ń kó gbogbo ohun tí gbogbo wa ti tẹ̀ jọ, tó sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Tick ni wọ́n ń pe ẹyọ ìlù kọ̀ọ̀kan. Tick 4 ló wà láàárín pàṣán whip kan àti èkejì, tick 6 ni ti godsword. Bí o bá jẹ ẹja, ọwọ́ ìjà rẹ á fà sẹ́yìn ní tick 3. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìlù yìí mọ́ra mọ̀ pé idà ńlá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni, àyè wà láti jẹun, láti pààrọ̀ ẹ̀wù, kí èkejì tó dé. Ẹni tí kò gbọ́ ọ á kàn máa tẹ bọ́tìnnì pàpàpà bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ẹni tó ń jó mọ̀ ọ́n: oníjó tó ṣáájú ìlù kò sàn ju èyí tó gbẹ́yìn ìlù lọ.

Lẹ́yìn ìlù ló wá kan orí. Ọ̀nà mẹ́ta lèèyàn lè gbà lu ọ́: idà, ọfà, idán. Àdúrà mẹ́ta sì wà tó ń dí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Protect from Melee, Protect from Missiles, Protect from Magic. Ẹyọ kan péré lo lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Bó bá bá ohun tó ń bọ̀ mu, ó ń gé 40 kúrò nínú ọgọ́rùn-ún ìyà tó yẹ kó jẹ ọ́. Bí ẹranko inú géèmù bá ló ń lù ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà òun á dí i pátá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tó ti bá ẹranko jà dàgbà fi ń gbà pé gbígbé e sórí ti tó. Kò tó. Ohun tí àwọn àgbà wa kì í sọ fún jámbáìtì nìyí: àmì àdúrà náà ń hàn gedegbe lókè orí rẹ. Ọ̀tá ń rí i. Bí mo bá rí i pé o gbé ti idán, ọrun ni n ó fà yọ. Ìwọ náà á rí ọrun lọ́wọ́ mi, wàá yí àdúrà rẹ. Ṣùgbọ́n èmi náà ti mọ̀ pé wàá yí i, torí náà ọrun tí mo fà yọ yẹn, mi ò ní in lọ́kàn láti ta á rárá, idà ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá sì ti mọ irú mi, wàá jẹ́ kí ọrun kọjá láì fèsì. Ẹ sọ fún mi, ṣé kì í ṣe àlọ́ nìyí? Ẹnì kan ń pa á, èkejì ń já a, ẹni tó bá yára já èyí tí wọn ò tíì pa ló jẹ. Èmi ò rí ibi tó fi yàtọ̀ sí ohun tí à ń ṣe nínú ẹgbẹ́ yìí lálẹ́ ọjọ́ tí a bá ń ka ewì síra wa.

Kí n má gbàgbé ẹsẹ̀. Ice Barrage lè dì èèyàn mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí 20 sẹ́kọ́ńdì. Bí o bá ti dì í, kí lo tún dúró tì í fún? Sún sẹ́yìn jàre, idà rẹ̀ ti di igi lásán. Ọ̀pọ̀ ni mo ti rí tó dì ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ tán, tó wá dúró síwájú rẹ̀ kí onítọ̀hún máa gé e.

Ti oúnjẹ náà kì í ṣe jíjẹ lásán. Shark ń dá 20 padà sára, karambwan ń dá 18, o sì lè jẹ karambwan tẹ̀lé shark nínú tick kan náà, 38 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀mí rẹ kò lè ju 99 lọ láìsí ìrànwọ́. Ẹni tó ń jẹun ní 80 ń fi oúnjẹ ṣòfò, ẹni tó ń dúró di 20 ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́. Ibi tí ìyàtọ̀ wà, ohun tí ọ̀tá gbé lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́ fún ọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká mú gbogbo èyí lọ bá apadírágónì tí wọ́n ní kí ọmọ tuntun lọ kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀. Kí ló gbé lọ́wọ́? Apata tó ń dí iná dírágónì. Kí ló wà nínú àpò rẹ̀ tó ní àyè 28? Egungun àti awọ dírágónì, oúnjẹ díẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Ibo ló kọjú sí? Dírágónì. Bí o bá dé, kò ní gbé àmì kankan sórí tí wàá kà, kò ní fi ọrun tàn ọ́ jẹ. Á sá ni. Ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ lo lè pa kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ohun tí wàá kọ́ ni lílé èèyàn. Ẹ lọ sí Ọ̀fà níbi tí wọ́n ti mọ ìjàkadì, ẹ bi wọ́n bóyá ara ẹni tó ru igi bọ̀ láti oko ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kẹ.

Ta tiẹ̀ ni wọ́n? Ibí gan-an ni inú ti ń bí mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ará Venezuela ni. Nígbà tí bolívar dojú dé ní ilẹ̀ wọn, tí owó oṣù kò ra nǹkan kan mọ́, àwọn èèyàn jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń pa dírágónì láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n ń ta wúrà géèmù fún dọ́là, wọ́n sì ń fi ra oúnjẹ gidi. Ní 2017 ẹnì kan jókòó, ó kọ ìtọ́sọ́nà sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa bí èèyàn ṣe lè máa dọdẹ ará Venezuela níbi dírágónì. Àwọn kan pariwo, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa lónìí, ọmọ ìyá ìtọ́sọ́nà yẹn ni, bí àwọn olùkọ́ rẹ̀ bá mọ̀ ọ́n tàbí wọn ò mọ̀ ọ́n.

Mo ti ń gbọ́ yín. Ẹ ní títa wúrà lòdì sí òfin géèmù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lòdì, mi ò gbè é lẹ́yìn. Wàhálà àwọn tó ń ta wúrà ló jẹ́ kí wọ́n ti ìjà Wilderness pa láti oṣù kejìlá 2007 títí di oṣù kejì 2011. Ṣùgbọ́n ìwọ tó pa á tí o kó egungun rẹ̀ lọ tà, ṣé ọlọ́pàá ni ọ́? Ta ló rán ọ? Ẹ tún ní ẹni tó wọ Wilderness mọ̀ pé wọ́n lè pa òun. Èyí náà mo gbà. Bí ẹ bá pàdé lọ́nà tí ẹ pa á, igbó ogun ni, mi ò ní sunkún. Àmọ́ ẹ má pè é ní ẹ̀kọ́, ẹ má sì fi lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́ bí ẹni fún un ní ìwé kíkà. Àwa tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023 tí a rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó dátà! Ta ni nínú yín tí kò mọ ẹnì kan tó ń ta wúrà yìí kan náà kó lè rí gààrí rà kí ọ̀sẹ̀ tó parí?

Àwọn kan á sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí àwọn mọ̀ ọ́n jà. Ẹ ṣírò ó. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dúró, ohun tí o tẹ̀ ní Èkó lè dé London kó sì padà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì. Tick kan jẹ́ mẹ́fà irú rẹ̀. Àyè wà níbẹ̀. Géèmù oníbọn lè fi èyí fìyà jẹ yín, èyí kọ́. Ohun tó ń pani ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń dá dúró tó ń tún wá, ìyẹn, ẹ máa ta á lóru tí àwọn èèyàn bá ti sùn. Iná tó bá lọ lójijì, ẹ̀jọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi.

Ti ipele ń kọ́? Ó ṣe pàtàkì dé ìwọ̀n kan. Láìní 94 nínú idán, kò sí Ice Barrage. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù kì í dá jà. Àwọn tó sì lọ gba ẹ̀rọ tó ń bá wọn yí àdúrà fúnra rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe RuneLite tí wọ́n fọwọ́ sí o, mi ò ní bá wọn fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ̀rọ ló mọ ìjà, àwọn kàn ń san owó iná fún un ni.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ mú ọmọ tuntun lọ wà nínú géèmù náà, ọ̀fẹ́ sì ni: Last Man Standing. Èèyàn 24 lè wọ̀ ọ́, ipele kan náà ni gbogbo wọn, ohun ìjà tí wọ́n fún wọn níbẹ̀rẹ̀ bára mu, ẹni tó kú kò pàdánù ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n á pa á lógún ìgbà ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Kí wọ́n pa á. Kó fi ọ̀nà méjì péré bẹ̀rẹ̀, idán àti ọfà, kí idà tó wọ̀ ọ́. Kó to àwọn bọ́tìnnì F rẹ̀ sí ibi tí ìka rẹ̀ máa bá wọn láì wò. Kó ká ìjà rẹ̀ sílẹ̀, kó wò ó padà, kó ka iye ìgbà tí ohun ìjà òun bá orí tí kò dí i. Ohun kan wà lórí RuneLite tó ń bá èèyàn kà á. Iye tó pa, kó má tiẹ̀ wò ó.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, láago mẹ́wàá alẹ́, èmi àti jámbáìtì mẹ́ta máa wà níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka iye orí tí ẹ ti gé níbi dírágónì, a ń retí yín. Ẹ má wulẹ̀ gbé ẹ̀wù kankan dání, wọ́n á fún yín níbẹ̀.