Ẹ̀bùn Kọ́, Owó Iṣẹ́ Ni

Ní ilé kan ní Ugbolokposo, lẹ́bàá Effurun, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá wa kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní agbègbè Warri, ni àwọn ọmọ rẹ̀ tí ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ìrìn-àjò dá lọ́lá. Wọ́n mú òun àti ìyá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ní Miami fún ọjọ́ méje. Nígbà tí ó dé, a lọ kí i kú àbọ̀. Ó sọ̀rọ̀ òkun, ó sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó sọ bí ọkọ̀ náà ti tóbi tó odidi àdúgbò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ṣògo jù lọ ni pé ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, òun lọ bá àwọn tí ń gbọ́ tàlejò nínú ọkọ̀, òun sì ní kí wọ́n yọ owó kan tí wọ́n pè ní owó ìmoore kúrò nínú ìṣirò òun. Ó ní, “Dáàṣì ni. N kì í san dáàṣì nílé, n kò sì ní í lọ san án lórí òkun.” Àwọn tí ó jókòó pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. N kò sì dá bàbá lóhùn, nítorí pé kò yẹ kí ènìyàn máa bá àgbà jiyàn lójú àwùjọ nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú mi, òun ni mo sì fẹ́ dáhùn níhìn-ín.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó tọ́ kí n gba ẹjọ́ bàbá náà rò. Ẹni tí ó bá ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ rí ní agbègbè wa yìí mọ ohun tí a ń pè ní “deve”, owó tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń fi agbára gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́lé, kí wọ́n tó jẹ́ kí bíríkìlà gbé ṣọ́bìrì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Delta ṣe òfin lòdì sí i ní 2018. Ẹni tí ó ti ń gbé irú ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, bí ó bá rí owó tí kò sí nínú iye tí a dá fún un, àyà rẹ̀ yóò já. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. N kò bá bàbá wa wí nítorí pé ó fura. Ohun tí mo bá a wí fún ni pé kò wádìí bóyá ejò ni tàbí ekòló.

Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo owó tí ó bá ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni èyí tí a fi bẹ ẹni tí ó wà nípò kí ó lè yí òfin po fún wa. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni ó sọ pé owó ti dé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Owó ọ̀yà ni ti ẹni tí ó ti làágùn. Ó ti di ẹ̀tọ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì dì í mú ti di ajigbèsè. Ẹ̀bùn ni ohun tí inú dídùn mú wá, tí kò sí ẹni tí ó lè bi wá pé èéṣe tí a kò fi mú un wá. Èènì sì tún wà, èyí tí oníṣòwò ń bù lé e nígbà tí ó bá wọn gààrí tán. Ẹ kíyè sí i pé ní ọjà tiwa, ẹni tí ń tà ni ó ń bu èènì fún ẹni tí ń rà. Nínú ọkọ̀ àwọn òyìnbó, ẹni tí ń rà ni a ní kí ó fi nǹkan lé e fún ẹni tí ń sìn ín. Èyí nìkan tó láti da ojú ẹni rú. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, èwo wá ni owó tí bàbá wa ní kí wọ́n yọ kúrò?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí owó náà ti ń ṣiṣẹ́. Ní àtijọ́, èrò ọkọ̀ òkun a máa di owó sínú àpòòwé ní alẹ́ ìkẹyìn, a sì fi lé ẹni tí ó tún yàrá rẹ̀ ṣe àti agbáwo tí ó gbé oúnjẹ fún un lọ́wọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi Carnival, Royal Caribbean àti Norwegian ti yí ìlànà náà padà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ iye kan sínú ìṣirò ẹnì kọ̀ọ̀kan, yálà ó béèrè tàbí kò béèrè. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, iye náà wà láàrin nǹkan bíi dọ́là 16 sí 20 fún ẹnì kan lójúmọ́ nínú yàrá mẹ̀kúnnù. Yàrá ọlọ́lá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi dọ́là 18 ṣe é, tọkọtaya tí ó lo ọjọ́ 7 yóò san dọ́là 252. Bí wọ́n bá ra ọtí tàbí ohun mímu mìíràn, a tún ń fi nǹkan bíi ìdá 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, owó ojoojúmọ́ yìí kì í dúró sọ́wọ́ ẹnì kan. A ń pín in fún ẹni tí ń tún yàrá ṣe, fún agbáwo, àti fún àwọn tí èrò kò fojú kàn rí, tí wọ́n wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, tí wọ́n sì ń fọ abọ́.

Àwọn wo ni wọ̀nyí? Púpọ̀ nínú wọn wá láti Philippines, Indonesia àti India. Ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà lè wà ní Miami, ṣùgbọ́n àsíá Bahamas tàbí ti Panama ni ó sábà máa ń fẹ́ lórí ọkọ̀ rẹ̀, nítorí náà òfin owó ọ̀yà Amẹ́ríkà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ń fi ìyàwó, ọkọ àti ọmọ sílẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn kì í sì í mọ ọjọ́ ìsinmi yàtọ̀ sí ọjọ́ iṣẹ́. Àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ òkun, tí a ṣe ní 2006 tí ó sì fìdí múlẹ̀ ní 2013, gbà kí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ṣe tó wákàtí 14 lójúmọ́ àti wákàtí 72 lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, owó tí a pè ní ìmoore ni apá pàtàkì nínú ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ránṣẹ́ sílé. Nígbà náà, ẹ̀bùn ha ni? Rárá o. Owó ọ̀yà tí a fi aṣọ ẹ̀bùn bò ni. Ẹni tí ó bá sì yọ ọ́ kúrò kò na olówó ọkọ̀. Alágbàṣe ni ó nà.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, George Pullman, ẹni tí ó ni àwọn ọkọ̀ rélùwéè tí èrò ń sùn nínú wọn, gba àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú síṣẹ́. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ó ń san fún wọn. Ó fi ìyókù lé àánú èrò lọ́wọ́. Ní 1925 ni àwọn òṣìṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, A. Philip Randolph sì ṣe aṣáájú wọn. Owó ọ̀yà gidi ni wọ́n béèrè, kì í ṣe kí èrò túbọ̀ ṣàánú. Ọdún 1937 ni ilé iṣẹ́ náà tó bá wọn tọwọ́ bọ̀wé. Síbẹ̀ igi náà kò tíì wó tán: títí di òní, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí ilé oúnjẹ san dọ́là 2.13 péré fún wákàtí kan fún agbáwo, bí tíìpù bá lè kún un dé iye tí òfin là sílẹ̀. Iye náà kò yí padà láti 1991.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí ilé wa. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó gba ìrìn-àjò lọ́wọ́ ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ Elder Dempster ni púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wọ̀ lọ kàwé ní ìlú Ọba: Accra, Apapa, àti Aureol tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951 láàrin Liverpool àti Èkó. Ọmọ Nàìjíríà wà lókè gẹ́gẹ́ bí èrò. Ọmọ Nàìjíríà wà nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Ní 1959, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ nínú ọkọ̀ Apapa da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Liverpool nítorí ìwọ̀sí tí wọ́n ní a fi ń lọ̀ wọ́n. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí aáwọ̀ náà, Olóyè T. E. A. Salubi, ọmọ Urhobo, aládùúgbò wa, ni ó sì ṣe alága rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tí ń gbé Ugbolokposo jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò gbàgbé pé ènìyàn bíi tirẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀.

Mo ti ń gbọ́ èsì àwọn kan: “Ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ ni ó yẹ kí ó san owó ọ̀yà rẹ̀.” Òótọ́ ni, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá. Kí olówó ọkọ̀ polówó ọjà rẹ̀ ní iye tí kò tó, kí ó wá fi ìyókù dẹ èrò lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kúrò ní èbúté, ìwà ẹ̀tàn ni. Ó sì ṣeé ṣe láti jáwọ́ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ P&O ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé owó ojoojúmọ́ náà ní 2019, ó sì kà á mọ́ owó ọkọ̀; Virgin Voyages náà ti kà á mọ́ owó ọkọ̀ rí. Ọkọ̀ wọn kò rì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe òfin ní 2023, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, pé gbogbo tíìpù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ bù jẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ẹni tí ó yọ owó náà, ṣé ó kọ̀wé sí olówó ọkọ̀? Ṣé ó wá ọkọ̀ tí ń san owó ọ̀yà gidi lọ wọ̀? Ó ti jẹun tán, a ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí ó tó rántí pé òun kórìíra dáàṣì. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́, ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun kò ti wẹ̀. Ìlànà tí ó bá ń fi owó sí àpò ẹni tí ó gbé e kalẹ̀, tí ó sì ń yọ ti tálákà, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ahun èrò kọ́ ni ó tú àwọn òṣìṣẹ́ Pullman sílẹ̀. Àjọṣe àwọn fúnra wọn ni.

Fún ìdí èyí, ẹnikẹ́ni nínú wa tí ọmọ rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fẹ́ mú wọ irú ọkọ̀ yìí ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ó ṣe báyìí. Kí ó béèrè kí ó tó sanwó ọkọ̀ bóyá owó ìmoore wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, kí ó fi kún ìṣirò rẹ̀ láti ilé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gbà kí a san án sílẹ̀. Bí a bá gbé ìwé ọtí wá tí ó ní àyè fún tíìpù mìíràn, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá a ti kà á mọ́ ọn. Kò pọn dandan kí ó san án lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn aláàárù tí ń gbé ẹrù ní èbúté Amẹ́ríkà kì í ṣe ara òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Dọ́là kan tàbí méjì lórí àpótí kọ̀ọ̀kan ni àṣà ibẹ̀. A kì í fún ọ̀gá ọkọ̀ ní nǹkan kan. Bí iṣẹ́ ẹnì kan bá sì wú u lórí ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó fi owó lé onítọ̀hún lọ́wọ́, kí ó sì dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Èyíinì ni ẹ̀bùn gidi, nítorí pé ẹ̀bùn kì í tó jẹ́ ẹ̀bùn àfi ìgbà tí a bá ti san gbèsè tán.

Kí a tó dá olówó ọkọ̀ lẹ́bi tán, ẹ jẹ́ kí a yí ojú padà sí ilé. Ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wa, bẹ̀rẹ̀ láti Èkó títí dé Effurun, a máa ń rí i nínú ìwé owó pé a ti fi owó ìsìn kún un. Ta ni nínú wa tí ó ti béèrè rí bóyá ọmọbìnrin tí ó gbé abọ́ náà rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀? Bí ó bá ń wọ àpò olówó hòtẹ́ẹ̀lì, a jẹ́ pé wọ́n ti fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ tọrọ owó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la, ẹ béèrè, kí ẹ sì fi béèrè kọ́ ọmọ yín. Irú òfin tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe, àwa náà lè ṣe é.

Ní ti bàbá wa ní Ugbolokposo, mo ń bọ̀ wá kí i. Olùkọ́ ni ó jẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó mọ bí ó ti ń rí nígbà tí oṣù bá parí tí owó kò dé. Bí mo bá rán an létí èyí pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, ó dá mi lójú pé yóò gbọ́ mi yé.